Kókó lọ́rùn mi: ta ló ti la ọ̀rọ̀ gẹ̀gẹ̀ kọjá ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó?

Aránṣọ Ọjà Ọba

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe lẹ́bàá Ọjà Ọba nílùú Àkúrẹ́. Sátidé tó kọjá la ṣe ìgbéyàwó ọmọ àbúrò mi. Mo gbé ìlẹ̀kẹ̀ iyùn tí mo ti ń lò fún ọdún mẹ́fà jáde, mo fi sọ́rùn, ìkọ́ rẹ̀ ò dé ara wọn mọ́. Mo rò pé mo sanra ni. Mo mú téèpù tí mo fi ń wọn ọrùn àwọn oníbàárà mi, mo fi wọn tèmi, ó ti fi ìdajì ínǹṣì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọmọ mi obìnrin ló wá sọ pé, "Mọ́mì, nǹkan kan ń gòkè ń sọ̀ lọ́rùn yín tí ẹ bá ń mu omi." Mo dúró síwájú dígí, mo gbé orí sókè, mo gbé omi mì. Òótọ́ ni. Ó wà lápá ọ̀tún, nísàlẹ̀ gògóńgò, ó tó kóró àgbálùmọ̀.

Kò dùn mí. Mò ń jẹun dáadáa. Ọmọ ọdún 43 ni mí. Ìyá ọkọ mi ní gẹ̀gẹ̀ ni, pé kí n lọ bá bàbá kan tó ń sín gbẹ́rẹ́ sí i. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wò mí lójú, ó ní jẹjẹrẹ ni. Láti ọjọ́ náà, oorun ò kun ojú mi. Ẹni tó bá ti ní irú rẹ̀ rí, ẹ jọ̀wọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Òkè-Àró

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ fọkàn balẹ̀ ná. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀dọ̀ àwọn tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Bó ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ yẹn ti fi ibi tó wà hàn wá. Ẹ̀yà ara kan wà nísàlẹ̀ gògóńgò tó na ìyẹ́ sọ́tùn-ún sósì bíi labalábá, táírọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pè é. Ó lẹ̀ mọ́ ọ̀nà èémí, ìdí nìyẹn tó fi máa ń gòkè tí a bá gbé nǹkan mì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tú họ́mọ́ọ̀nù sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń sọ fún ọkàn bó ṣe máa lù, fún ara bó ṣe máa gbóná, fún ìfun bó ṣe máa lọ oúnjẹ. Tí gbogbo rẹ̀ bá wú, gẹ̀gẹ̀ là ń pè é. Tó bá jẹ́ ojú kan ló ta kókó, gẹ̀gẹ̀ náà ni àwọn ará ilé máa pè é, àmọ́ kókó táírọ́ọ̀dù ni dókítà máa kọ sínú fáìlì yín. Ó lè jẹ́ ẹyọ kan, ó lè pọ̀. Ó lè jẹ́ omi ló kún inú rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ẹran líle.

Kókó yìí wọ́pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ síkáànì wo ọrùn àwọn tó ti lé ní 60 ọdún, nǹkan bí ìdajì wọn ni wọ́n máa bá a lára wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì ní mọ̀ rárá. Àwa obìnrin ló sì máa ń yọ lára jù. Nínú irú kókó bẹ́ẹ̀ 100, ó lé ní 90 tí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ẹni tó sọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ sí yín létí ní ṣọ́ọ̀ṣì ò ṣe dáadáa.

Síbẹ̀, ẹ má jókòó tì í. Dókítà fẹ́ mọ̀ bóyá kókó yìí ń da iṣẹ́ táírọ́ọ̀dù rú, ó sì fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ojú lásán ò lè sọ èyí, ọwọ́ ò lè sọ ọ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní TSH ni ẹ máa kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà síkáànì ọrùn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé TSH, nítorí ó máa ń rú àwọn èèyàn lójú. Ọpọlọ ló ń fi í ránṣẹ́. Ẹ fi wé ìyá tó ń pe ọmọ rẹ̀ pé kó wá ṣiṣẹ́. Bí ọmọ bá ń lọ́ra, ohùn ìyá á máa ròkè: TSH á ga. Bí ọmọ bá ti ń sáré kiri, tó ń ṣe ju iṣẹ́ tí wọ́n rán an lọ, ìyá á dákẹ́: TSH á lọ sílẹ̀ pátápátá. Nítorí náà, ẹni tí èsì rẹ̀ bá sọ pé TSH kéré, kó má rò pé táírọ́ọ̀dù òun ló rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, àṣejù ló ń ṣe.

Ilé ìwòsàn ńlá tìjọba wà ní Àkúrẹ́, ó wà ní Oǹdó, ó sì wà ní Ọ̀wọ̀. Ẹ kọ́kọ́ rí dókítà tó sún mọ́ yín, kó kọ ìwé fún yín. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé kókó náà ń yára dàgbà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tàbí ohùn yín há tí kò là, tàbí oúnjẹ ń há yín lọ́fun, tàbí èémí ń ṣòro tí ẹ bá nà gbalaja, tàbí kókó mìíràn tún yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn, ẹ má dúró de ọ̀la. Ẹ sọ fún dókítà náà bí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí bá ti ní jẹjẹrẹ táírọ́ọ̀dù rí, tàbí bí wọ́n bá ti fi iná ìtànṣán tọ́jú ọrùn yín nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé.

Bàbá Ìsìnkàn

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má bínú sí mi. Ìyá tó bí mi ní gẹ̀gẹ̀ tó tó ọsàn. Mo dáyé bá a lọ́rùn wọn ni. Wọ́n ń ru igi bọ̀ láti oko, wọ́n bí ọmọ méje, wọ́n sì lé ní ọgọ́rin ọdún kí wọ́n tó papò dà. Dókítà kankan ò fọwọ́ kàn án. Gbẹ́rẹ́ ni wọ́n sín sí i, wọ́n sì mu àgbo. Kí ló dé tí a ó fi máa lé obìnrin yìí lọ sílé ìwòsàn fún ohun tí àwọn ìyá wa gbé dàgbà?

Nọ́ọ̀sì Òkè-Àró

Bàbá, mo kí yín. Ohun tí ẹ sọ nípa Màmá, òótọ́ ni, mi ò ní jiyàn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ gẹ̀gẹ̀ máa ń bá èèyàn gbé títí ọjọ́ alẹ́ láìṣe é ní nǹkan kan. Àyẹ̀wò ni yóò jẹ́ ká mọ̀ bóyá irú ti Màmá ni èyí, tàbí òmíràn.

Gbẹ́rẹ́ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú táírọ́ọ̀dù kọjá pọ̀ gan-an. Mo ti tọ́jú ọ̀dọ́bìnrin kan tí wọ́n sín lọ́rùn lọ́nà mọ́kànlá, mo ka ojú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló wú, tó ń sun ọyún. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ojú gbẹ́rẹ́ náà tó jiná débi tí dókítà fi lè fi abẹ́rẹ́ kan kókó rẹ̀. Kókó ọ̀hún wà níbẹ̀ bó ṣe wà.

Mo tún fẹ́ fi èyí kún un. Wọ́n ń ta ayódíìnì olómi (ayódíìnì ni èròjà tí táírọ́ọ̀dù fi ń ṣe họ́mọ́ọ̀nù) àti oògùn tí wọ́n fi ewéko inú òkun ṣe lórí WhatsApp, wọ́n ní ó ń yọ́ gẹ̀gẹ̀. Ẹ má rà á. Bí kókó bá ti wà lọ́rùn tipẹ́, tí ayódíìnì púpọ̀ sì wọ ara lẹ́ẹ̀kan náà, kókó náà lè gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ sí í tú họ́mọ́ọ̀nù jáde láìdáwọ́ dúró.

Ọmọ Èkìmògún

Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa. Bàbá mi ló ṣẹlẹ̀ sí, ní Oǹdó níbí. Ẹni ọdún 71 ni wọ́n. Wọ́n ti ní kókó lọ́rùn ó ti pẹ́, ẹnikẹ́ni ò kà á sí. Nígbà tó di ìgbà ọyẹ́ èṣín, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Gbogbo wa wọ súwẹ́tà, a fi aṣọ bo orí, bàbá ń sùn sórí sìmẹ́ǹtì lásán, wọ́n fi táwẹ́ẹ̀lì tútù sí àyà. Tí wọ́n bá gbé ife tíì dání, ife á máa ro kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lórí àwo. Wọ́n ní àyà ń já àwọn. Ilé ìwòsàn kan tí a kọ́kọ́ lọ sọ pé ibà ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fún wọn ní oògùn ibà láàárín oṣù méjì, kò sì sẹ́ni tó wo ọrùn wọn.

Dókítà ọ̀dọ́ kan ló di ọwọ́ wọn mú, tó ń ka bí iṣan ṣe ń lù, tó ní, "Bàbá, èyí ò lọ déédéé." Ìgbà yẹn ló gbé ojú sókè wo ọrùn. TSH wọn kéré débi pé ẹ̀rọ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i kà. Kókó yẹn ló ti ń ṣiṣẹ́ tara rẹ̀, tí kò gbọ́ ti ọpọlọ mọ́. Wọ́n ní irú kókó tó ń ṣe àṣejù báyìí kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ, àmọ́ ó lè ba ọkàn jẹ́, kó mú egungun fẹ́lẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú ọkàn kó sì lọ fa rọpárọsẹ̀. Ẹ̀rù bà mí.

Carbimazole, oògùn tó ń dín họ́mọ́ọ̀nù táírọ́ọ̀dù kù, ni wọ́n fi bàbá sí, pẹ̀lú propranolol tó ń rọ ọkàn lójú. Wọ́n béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá bàbá ní ikọ́ fée (ásímà), torí propranolol ò dára fún oníkọ́ fée. Wọ́n sì kìlọ̀ fún wa nípa carbimazole: ọjọ́ tí ọ̀nà ọ̀fun bá ń dun bàbá tàbí tí ara wọn bá gbóná, kí a dá oògùn náà dúró, kí a sì wá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ó lè pa ohun tó ń bá àrùn jà nínú ẹ̀jẹ̀. Mo kọ ọ́ sára ògiri pálọ̀. Ní báyìí wọ́n ti fún wa ní ìwé lọ sí UCH ní Ìbàdàn fún ayódíìnì onítànṣán, èyí tí wọ́n máa gbé mì tó máa lọ pa iṣẹ́ kókó náà. Aboyún ò gbọdọ̀ lò ó. Bàbá ti ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì padà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú nínú ọ̀rọ̀ mi nìyí: tí àgbàlagbà bá ń rù tí àyà ń já a, ẹ wo ọrùn rẹ̀ kí ẹ tó ra oògùn ibà.

Ìyá Púpurù Òkìtìpupa

Ẹ kú àjọṣe o. Mo fẹ́ béèrè, àmọ́ mo tún ní ohun tí mo mọ̀. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé ẹ̀gẹ́ ló ń fa gẹ̀gẹ̀, pé kí a má jẹ púpurù àti gàrí mọ́. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń ṣe púpurù. Àwọn elétò ìlera kan wá bá ẹgbẹ́ wa, wọ́n ní oró kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù tó jẹ́ pé tó bá wọ ara, ó ń dí ayódíìnì lọ́nà kó má wọ táírọ́ọ̀dù. Àmọ́ wọ́n ní ìgbà tí ayódíìnì bá ti kéré lára ẹni tẹ́lẹ̀ ló ń lágbára bẹ́ẹ̀, àti pé bí a bá ṣe é bó ṣe yẹ, oró náà á jáde.

Bó ṣe yẹ ọ̀hún ni mo fẹ́ sọ. Ẹ̀gẹ́ gbọ́dọ̀ wà nínú omi títí tó fi máa rọ̀, ọjọ́ mẹ́rin, nígbà òtútù ọjọ́ márùn-ún. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ láàárín ìka, kó fọ́, kí okùn àárín rẹ̀ yọ wẹ́rẹ́. A ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó mọ ọ́n róbótó, a ó tò ó sórí àkéte lókè iná títí ara rẹ̀ á fi dúdú, kí a tó ha èyí tó jó kúrò. Àwọn kan ti ń yọ ọ́ lọ́jọ́ kejì torí pé oníbàárà ń kánjú. Ìyẹn ni kò dáa. Tí gàrí tàbí púpurù bá ń ta yín lẹ́nu, tó korò, ẹ má jẹ ẹ́.

Ìbéèrè mi: ṣé iyọ̀ lásán tó láti fún èèyàn ní ayódíìnì yìí?

Nọ́ọ̀sì Òkè-Àró

Ẹ ṣeun, Màmá, àlàyé yín dára ju tèmi lọ. Iyọ̀ tó, bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi ayódíìnì sí. Láti ọdún 1993 ni Nàìjíríà ti sọ ọ́ di dandan, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sára ọ̀rá rẹ̀. Máíkírógíráàmù 150 péré ni àgbàlagbà nílò lójúmọ́, aboyún 250. Ó kéré gan-an. Nítorí náà ẹ má fi iyọ̀ kún ọbẹ̀ nítorí ayódíìnì, ẹ̀jẹ̀ ríru ń bẹ. Ẹja òkun tí àwọn ará Ìlàjẹ ń kó wá náà ní in.

Ibi tí a ti ń sọ ọ́ nù ni ilé ìdáná. Ẹ ń ra iyọ̀ tí wọ́n tú sínú abọ́ láàárín oòrùn, ẹ sì ń gbé e kalẹ̀ láìdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Oòrùn, ooru àti ọ̀rinrin ló ń mú ayódíìnì lọ. Ẹ ra olọ́rá, ẹ dà á sínú ìgò tó ní ìdérí, ẹ sì fi sọ́bẹ̀ nígbà tó bá kù díẹ̀ kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Àmọ́ kí n má tàn yín: iyọ̀ yìí ń ṣèdíwọ́ fún gẹ̀gẹ̀ tuntun, kókó tó ti wà tẹ́lẹ̀ ò ní tìtorí rẹ̀ yọ́.

Tíṣà Ọ̀wọ̀

Èmi ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Kókó tèmi ti tẹ ọ̀nà èémí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, n ò lè sùn láìfi ìrọ̀rí mẹ́ta gbé orí. Mi ò kábàámọ̀ iṣẹ́ abẹ náà. Ohun tó dùn mí ni pé níbi tí mo ti ṣe é, kò sẹ́ni tó sọ fún mi ṣáájú pé gbogbo táírọ́ọ̀dù ni wọ́n máa kó, àti pé màá máa lo oògùn títí ọjọ́ ayé mi. Ọjọ́ tí mo ń lọ sílé ni mo tó gbọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí wọ́n bá dárúkọ iṣẹ́ abẹ fún, ẹ béèrè: ṣé ìdajì ni ẹ máa yọ ni tàbí gbogbo rẹ̀? Kí ló dé? Iṣan tó ń darí ohùn gba ẹ̀yìn táírọ́ọ̀dù kọjá, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe máa ṣọ́ ọ. Olùkọ́ ni mí, ohùn ni mo fi ń jẹun, ó sì há fún oṣù méjì kó tó padà. Àwọn ẹ̀yà kéékèèké mẹ́rin tún wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń tọ́jú kálísíọ́ọ̀mù. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ètè àti orí ìka mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí yìnrìnyìnrìn bí ìgbà tí èèrà ń rìn lórí wọn. Mo pe nọ́ọ̀sì, wọ́n fún mi ní kálísíọ́ọ̀mù, ó lọ. Ẹ má mú un mọ́ra tó bá ṣe yín.

Oògùn levothyroxine, tó ń rọ́pò họ́mọ́ọ̀nù táírọ́ọ̀dù: aago márùn-ún ìdájí ni mo máa ń lò ó, pẹ̀lú omi lásán. Ó di aago mẹ́fà kí n tó fẹnu kan ògì. Oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lára àti kálísíọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ jìnnà sí i ní wákàtí mẹ́rin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn ò ní jẹ́ kó wọ ara. Nígbà kan mo fi í sílẹ̀ fún oṣù kan àti ààbọ̀ torí ara mi yá. Mo sanra, òtútù ń mú mi lọ́sàn-án gangan, ìgbẹ́ ò jáde, nǹkan oṣù mi ń ya bí omi, mo sì ń sùn níwájú àwọn ọmọ ní kíláàsì. Mi ò tún dán an wò mọ́. Ẹni tó bá lóyún lórí oògùn yìí, kó má dá a dúró, kó tètè sọ fún dókítà, torí yóò nílò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Aránṣọ Ọjà Ọba

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti padà dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin rèé. TSH mi dára. Síkáànì rí kókó kan, sẹ̀ǹtímítà 2.3, ó le, wọ́n kọ TR4 sí i. Mo rí "4" yẹn, ẹsẹ̀ mi gbọ̀n, àfi ìgbà tí dókítà ṣàlàyé pé bí kókó ṣe rí lójú síkáànì ni wọ́n fi ń fún un ní nọ́ńbà, láti 1 dé 5, àti pé kì í ṣe ìpele jẹjẹrẹ. Ó ní TR4 tó bá ti tó sẹ̀ǹtímítà 1.5, wọ́n máa ń fi abẹ́rẹ́ yẹ inú rẹ̀ wò.

Mo fẹ́ sọ bí abẹ́rẹ́ náà ṣe rí, torí òun ló bà mí lẹ́rù jù. Ó tín-ín-rín ju abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ lọ. Wọ́n fi ìrọ̀rí sábẹ́ èjìká mi, orí mi wọ́ sẹ́yìn, wọ́n fi ẹ̀rọ síkáànì sójú ibẹ̀ kí wọ́n lè rí ibi tí wọ́n ń gún. Dókítà ní kí n má gbé itọ́ mì, kí n má sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wọlé, kò dùn mí ju ìgbà tí abẹ́rẹ́ mááṣínì gún mi níka lọ. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, mo sì rán búbá kan.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni èsì dé: Bethesda II, ìyẹn ìsọ̀rí tí wọ́n ń pín èsì abẹ́rẹ́ sí. Dókítà ní kì í ṣe jẹjẹrẹ, kí n padà wá ṣe síkáànì lẹ́yìn ọdún kan. Kò sí oògùn, kò sí ọ̀bẹ. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé ìwòsàn, mo sunkún. Ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn lóru ọjọ́ yẹn, Ọlọ́run á dá yín lóhùn.

Mo ti gbé ìlẹ̀kẹ̀ iyùn mi lọ bá onílẹ̀kẹ̀, ó ti sin mẹ́rin kún un.

Bàbá Ìsìnkàn

Mo ka gbogbo rẹ̀. Mo kí ọ, ọmọ mi, o kú oríire. Àbígbẹ̀yìn mi wà lọ́dọ̀ mi, ẹni ọdún 29. Ní alẹ́ àná mo ní kó mu omi níwájú mi lẹ́bàá iná. Nǹkan kan gòkè. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọdún tó kọjá, òun ò fẹ́ dẹ́rù bà mí. Nọ́ọ̀sì, ṣé ó gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀ kó tó wá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà?

Nọ́ọ̀sì Òkè-Àró

Rárá, Bàbá. Kó jẹun kó yó. Àmọ́ ẹ bi í bóyá ó ń lo oògùn tó ń mú irun àti èékánná dàgbà. Biotin máa ń wà nínú wọn, ó sì lè mú kí èsì náà parọ́. Tó bá ń lò ó, kó fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì ó kéré tán, kó tó wá. Ẹ tẹ̀ lé e wá o.